Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ìròyìn ní Sábó, láti Ayé Ìwé Ìròyìn dé Ayé RSS

Ní ayé àtijọ́, bí ọba bá fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀, akéde ni yóò rán. Akéde yóò lu agogo láti àdúgbò dé àdúgbò, yóò sì wí gẹ́gẹ́ bí a ti rán an. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ akéde, ṣùgbọ́n ohun tí ọba bá fẹ́ kí a gbọ́ nìkan ni yóò kéde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí nǹkan ti rí gan-an yóò dìde, yóò lọ sí ọjà, nítorí ọjà ni ará oko àti ará ìlú, àlejò àti ọmọ ìbílẹ̀, ti ń pàdé. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ti ọ̀tún, tí yóò gbọ́ ti òsì, tí yóò sì fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìròyìn tí a gbé wá bá ni nílé àti ìròyìn tí a fi ẹsẹ̀ ara wa wá lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Sábó ní Yàbá, nítorí àdúgbò náà ti rí ohun púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Orúkọ Sábó tí a ń gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, inú èdè Hausa ni ó ti wá. Sabon Gari ni àwọn Hausa ń wí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìlú tuntun. Sábó ti Yàbá wà ní ẹ̀bá títì ńlá tí a fi orúkọ Herbert Macaulay pè. Ọjà wà níbẹ̀. Yaba College of Technology tí a dá sílẹ̀ ní 1947 kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Ẹni tí ó bá ń rìn káàkiri Èkó ní òwúrọ̀ yóò ti rí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta, tí wọ́n tẹ́ oríṣiríṣi ìwé ìròyìn sórí tábìlì tàbí sílẹ̀. Yóò sì ti rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró yí wọn ká, tí wọ́n ka ọwọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n ń ka àkọlé ìwé ìròyìn mẹ́wàá láìra ẹyọ kan. Àwọn ọmọ Èkó a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọn a ní ẹgbẹ́ àwọn tí ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ fi tábìlì yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sídìí rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni a ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa. Ní ọdún 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ C.M.S., gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Àǹfààní ńlá ni ó jẹ́ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá bínú lé àwọn òyìnbó jáde kúrò nílùú, ní ọdún tí a ń pè ní ọdún Ìfọ́lé, ìwé ìròyìn náà dópin. Ilé ìtẹ̀wé kan ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ilé náà bàjẹ́ ni etí àwọn òǹkàwé rẹ̀ di. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí nínú ìtàn yìí.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti inú àpótí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà ìròyìn wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ẹni tí ó bá san owó rẹ̀ ni a ó gbé àpótí kékeré kan kọ́ sí ara ògiri fún, àpótí yìí yóò sì máa sọ ohun tí a bá ti ń sọ ní ilé-iṣẹ́ náà, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá láti ọ̀dọ̀ BBC. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn wa sọ ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ báyìí, nítorí pé ó ń wí tirẹ̀, kì í sì í gba èsì. Ọ̀tọ̀ ni àpótí oníwáyà yìí, ọ̀tọ̀ sì ni rédíò tí ó ní ojú tí a ń yí. Ẹni tí ó ní rédíò tirẹ̀ lè yí i kúrò ní Èkó, kí ó gbọ́ Akírà tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó ní àpótí oníwáyà lè dín ohùn rẹ̀ kù, ó sì lè pa á pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè bá a dé ibòmíràn. Ó rọrùn, kò gba wàhálà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n bí owó rédíò. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó jẹ́ kí púpọ̀ nínú wa má bèèrè ẹni tí ó di orí wáyà kejì mú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Yàbá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1937, Nnamdi Azikiwe gbé West African Pilot jáde. Commercial Avenue ní Yàbá, ní ìtòsí Sábó, ni ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ wà. Àkọmọ̀nà ìwé ìròyìn náà wí pé bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ han àwọn ènìyàn, wọn yóò rí ọ̀nà fúnra wọn. Ẹ kíyè sí i pé kò wí pé a ó fà wọ́n lọ́wọ́. Láàrin ọdún díẹ̀, kò sí ìwé ìròyìn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta àwọn alákòóso létí tó o.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀. Ogun ti mú kí ọjà gbówó lórí, owó oṣù kò sì kúrò níbi tí ó wà. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣíwájú wọn, wà ní iwájú ìjà náà, ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà sì ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Pilot àti ẹnìkejì rẹ̀, Daily Comet, gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù Keje, ìjọba Gómìnà Arthur Richards fi òfin de ìwé ìròyìn méjèèjì, ó ní wọ́n ń yí òtítọ́ po lórí ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà. Báyìí ni a ṣe ti ilẹ̀kùn ìròyìn ní Yàbá, ní àkókò tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ ìròyìn jùlọ.

Ṣé etí àwọn ènìyàn di bí? Rárá o. Azikiwe ti dá àwọn ìwé ìròyìn mìíràn sílẹ̀ ní Port Harcourt, ní Onitsha àti ní Warri. Àwọn méjì ti Èkó nìkan ni òfin náà dárúkọ. Àwọn ìwé ìròyìn ẹlòmíràn náà sì wà nílẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí wọn kò fẹ́ràn wọn. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa ka ju ìwé kan lọ rí ibi tí ó yà sí. Ẹni tí ó jẹ́ pé Pilot nìkan ni ó ń kà, àti ẹni tí ó jẹ́ pé àpótí ara ògiri nìkan ni ó ń gbọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ká mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọdún 1945 fi hàn pé òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé mo fẹ́ fo láti ibẹ̀ lọ sí orí ayélujára, ṣùgbọ́n àdúgbò náà ni ó fò ṣáájú mi. Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, tí wáyà MainOne sì gba abẹ́ òkun dé Èkó ní 2010, Yàbá di ibùjókòó àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ní 2011 ni Co-Creation Hub, tí Bosun Tijani àti Femi Longe dá sílẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì Herbert Macaulay ní Sábó. Ìlú tuntun sì tún di ìlú tuntun lẹ́ẹ̀kejì. Ìròyìn kò tún dúró sórí tábìlì ìkóríta mọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ṣí ìkànnì sórí ayélujára, àwọn ènìyàn lásán náà sì ń ṣí tiwọn. Ìṣòro tuntun wá dé: ta ni yóò máa lọ láti ìkànnì kan dé òmíràn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó tó mọ ẹni tí ó kọ nǹkan tuntun?

Àwọn òyìnbó ti wá nǹkan ṣe sí ìṣòro yìí ṣáájú àkókò náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, Ramanathan Guha àti Dan Libby gbé ìlànà kan jáde tí a ń pè ní RSS. Dave Winer mú un gbòòrò, ó sì gbé ẹ̀dà tí a ń lò jùlọ jáde ní 2002. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀dà mìíràn jáde ní ọdún 2000, ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan wà, Aaron Swartz ni orúkọ rẹ̀. A lè túmọ̀ lẹ́tà mẹ́ta náà sí ọ̀nà ìrọ̀rùn láti pín ìròyìn káàkiri.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tí ó ni ìkànnì yóò tọ́jú ìwé pélébé kan sí apá kan ìkànnì rẹ̀. Inú ìwé yìí ni àkọlé ohun tuntun tí ó bá gbé jáde yóò wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbé e jáde, àkótán rẹ̀ ní ṣókí, àti àdírẹ́sì ibi tí a ti lè kà á tán. Fíìdì ni a ń pè é. Kì í ṣe fún ojú ènìyàn ni a kọ ọ́ bí kò ṣe fún ojú ẹ̀rọ. Òǹkàwé ní tirẹ̀ yóò ní ètò kan nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí èmi yóò pè ní akóròyìnjọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ orúkọ àwọn ìkànnì tí ó wù ú sínú rẹ̀. Láti ìgbà dé ìgbà, akóròyìnjọ yóò yà sí ìkànnì kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ọdẹ tí baba rẹ̀ rán lọ wo tàkúté. Ibi tí ẹran bá kó sí, yóò gbé e wálé. Ibi tí kò bá sí nǹkan, yóò kọjá. Nígbà tí òǹkàwé bá jí, yóò bá gbogbo àkọlé tuntun nílẹ̀, èyí tí ó jáde kẹ́yìn ni yóò wà lókè.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ ti rántí tábìlì wa? Akóròyìnjọ ni tábìlì ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni ó tẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí yóò fi ìwé kan pamọ́ sábẹ́ òmíràn. Kò sí ẹni tí ó ní láti bèèrè orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí ó tó gba fíìdì tí a fi síta fún gbogbo ayé. Bí ó bá sì ṣe pé ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà nínú fíìdì náà, tí kò sí àwòrán, kì í jẹ dátà púpọ̀, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́.

Nǹkan dára tó báyìí, kí ni ó wá dé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò fi mọ̀ ọ́n? Nǹkan méjì ni ó ṣẹlẹ̀. Èkíní ni ti Google. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Google ṣe akóròyìnjọ kan tí ó ń jẹ́ Google Reader. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àìmọye ènìyàn fi kó gbogbo àkójọ wọn síbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Google kéde pé àwọn tí ń lò ó ń dín kù, àti pé òun yóò tì í pa. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà, ó tì í pa lóòótọ́. Igbe ta, àwọn ènìyàn bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n onílé ti ní kí ayálégbé kó jáde. Síbẹ̀, ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti ọdún Ìfọ́lé. Àkójọ orúkọ ìkànnì tí òǹkàwé ti ṣe kì í ṣe ti Google. Ó lè kó o sínú fáìlì kan, kí ó sì gbé e lọ sínú akóròyìnjọ mìíràn, bí ènìyàn ti í kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé àyágbé kan lọ sí òmíràn. Ilé ni ó wó; ẹrù kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò wá ilé mìíràn mọ́.

Èkejì ni ìrọ̀rùn. Facebook ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006. Twitter, tí ó ti ń fún ni ní fíìdì RSS tẹ́lẹ̀, dá a dúró ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2016 láti máa fi ìṣirò kọ̀ǹpútà yan ohun tí òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Mark Zuckerberg tí ó ni Facebook wá sí Sábó fúnra rẹ̀ láti kí àwọn ọ̀dọ́ Co-Creation Hub. Inú gbogbo wa dùn, ó sì tọ́ kí inú wa dùn. Ṣùgbọ́n lójú ìtàn, àpótí ara ògiri ọdún 1935 ni ó ti padà wá, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni. Àpótí ìsinsìnyí ń gba èsì, ó sì ń mọ ohun tí ó wù wá. Èyí ni ó fi lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yan ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́, àwa kọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí ń múnú bíni bá ń mú kí a pẹ́ nídìí àpótí, ọ̀rọ̀ tí ń múnú bíni ni yóò máa gbé wá. Yorùbá ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà tí a gbà.

Ọjọ́ tí ẹni tí a gbé pọ̀n yóò sọ̀kalẹ̀ dé ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ síbẹ̀ rẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti ti ọ̀nà náà pa. Kò ṣí títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022, ó ju oṣù méje lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bá òfin mu. Ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọdún 1945: ìjọba yàtọ̀, irin-iṣẹ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni a tì. Àwọn tí wọ́n mọ ọgbọ́n ẹ̀rọ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn ìwé ìròyìn wa ṣì wà lórí ìkànnì wọn ní gbogbo oṣù méje náà, a kò tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní fíìdì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé Twitter ni ó máa ń júwe ilé wọn fún un kò mọ̀nà dé ibẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀.

Èmi kò wí pé RSS ni oògùn gbogbo àrùn. Bí ìjọba bá ti ìkànnì kan pa, fíìdì rẹ̀ yóò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó ni ìkànnì lè má ṣe fíìdì rárá, tàbí kí ó fi àkọlé nìkan sínú rẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ léwu jùlọ ni pé òǹkàwé lè yan kìkì àwọn tí wọ́n ń sọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí ara ògiri tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, yálà ẹlòmíràn ni ó yan ẹnìkan náà fún un, tàbí òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án. Àwọn ọkùnrin ìdí tábìlì ìwé ìròyìn sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń ka àkọlé ìwé tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì ń ka ti èyí tí wọ́n kórìíra, ìjà tí wọ́n ń fi ẹnu jà níbẹ̀ sì ni ẹ̀rí.

Síbẹ̀, irin-iṣẹ́ náà kò kú. Bí ẹ bá ń gbọ́ àwọn ètò àfetígbọ́ tí a ń pè ní pọ́díkáàsìtì, orí RSS ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà dé etí yín, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Ìkànnì tí a bá fi WordPress ṣe ní fíìdì láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni tí ó ni ín bá mú un kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí a kọ feed sí ìdí àdírẹ́sì rẹ̀ ti tó láti rí i. Wikipedia ti èdè Yorùbá ní fíìdì fún àwọn àtúnṣe tuntun, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè jókòó sí yàrá rẹ̀, kí ó máa wo bí a ti ń kọ ìmọ̀ ní èdè wa lójoojúmọ́, kí ó sì tọ́ka sí àṣìṣe tí ó bá rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìmọ̀ràn tí mo ní kò pọ̀. Kí olúkúlùkù wa wá akóròyìnjọ kan, kí ó sì kọ orúkọ ìkànnì mẹ́wàá sínú rẹ̀. Kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í bá a lára mu. Kí méjì jẹ́ ti èdè Yorùbá. Kí ó sì máa tọ́jú ẹ̀dà àkójọ náà sí ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí onílé bá ní kí a kó jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n ka Pilot ní Yàbá kò mọ ọjọ́ tí a ó tì í. Kò sí ẹni tí ó kéde fún wọn ṣáájú. Àwọn tí wọ́n ti mọ ọ̀nà mìíràn sí ọjà ṣáájú ọjọ́ náà nìkan ni wọ́n rí ọjà ná.